Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Ìtàn Aláwòrán ní Yunifásítì

Lẹ́tà mẹ́rin ló wọlé láti Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀ lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ kan náà: kọ́míìkì, ìyẹn ìtàn tí a fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ sọ pọ̀. A fún un ní gbogbo ojú ewé wa.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi wà ní SS3, kò sí ìwé tí kì í ya nǹkan sí. Ó ní kọ́míìkì lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kó lọ kọ́ ìṣirò owó. Ṣé òótọ́ ni?
*Ìyá ọmọ kan, Pópó-Ọba, Ẹ̀pẹ́*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ọ̀rọ̀ Bàbá jóòótọ́ dé ìdajì. Ọmọ yín kò ní bá orúkọ náà pàdé nígbà tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù JAMB. Ohun tó máa bá níbẹ̀ ni Fine and Applied Arts, bíi ti Ifẹ̀, tàbí Creative Arts, bíi ti Unilag. Ní Yabatech, yóò ka ND fún ọdún 2, yóò lọ fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ níta, lẹ́yìn náà HND fún ọdún 2. Ìgbà HND yìí ló máa mú ẹ̀ka kan pàtó, gíráfíìkì ló sì súnmọ́ kọ́míìkì jù níbẹ̀. Ẹ lè ti gbọ́ pé Yabatech ní ẹ̀ka ní Odòragunṣin níbí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n Yaba ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ẹ tètè wá ibi tí yóò máa gbé níbẹ̀, torí iṣẹ́ ọnà kì í parí ní aago méjì ọ̀sán, ẹni tó sì ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Yaba lójoojúmọ́ kò ní lókun tí yóò fi ya nǹkan kan.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì di dandan nínú JAMB, yóò sì mú iṣẹ́ 3 mìíràn kún un. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ lórí àwọn 3 yẹn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni JAMB kó ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, IBASS ni wọ́n ń pè é. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kí ẹ tẹ̀ síbẹ̀, torí ohun tí ibì kan gbà, ibòmíràn lè má gbà á. Bí kò bá sí iṣẹ́ ọnà nínú WAEC tó fẹ́ ṣe ní ilé ìwé, ó lè fi GCE ṣe é, ṣùgbọ́n ìdánwò ìfọwọ́ṣe wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a ń kà mọ́jú.

Lókè òkun, orúkọ kọ́míìkì wà gbangba lára oyè. Láti 2011 ni Yunifásítì Dundee ní Scotland ti bẹ̀rẹ̀ oyè kejì nínú rẹ̀, kò sì yani lẹ́nu, torí Dundee náà ni ilé iṣẹ́ DC Thomson ti ń gbé The Beano jáde láti 1938. Oyè kìíní ni ti Teesside ní England. Savannah College of Art and Design ní Amẹ́ríkà ń fúnni ní méjèèjì, àmọ́ Sequential Art ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kyoto Seika ní Japan dá ẹ̀ka màńgà, ìyẹn kọ́míìkì ilẹ̀ Japan, sílẹ̀ ní 2006, àmọ́ èdè Japan ni wọ́n fi ń kọ́ni. Èrò tiwa ni pé kó gba oyè kìíní nílé, kó wá fi òkè òkun sí oyè kejì. Owó rẹ̀ á kéré, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bíi Chevening ti ìjọba Bìrìtìkó sì wà fún oyè kejì, kìkì pé Chevening ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún 2.

Ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé Akinola Lasekan tó ń ya kátúùnù fún ìwé ìròyìn West African Pilot padà di olùkọ́ ní Yunifásítì Nsukka. Dele Jegede tó ya kátúùnù fún Daily Times di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ọkàn Bàbá kò bá sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀kọ́ ìṣàkóso okòwò ni Wale Adenuga kà ní Unilag, òun náà ló dá ìwé kọ́míìkì Ikebe Super sílẹ̀ ní 1976. Kò burú bí ọmọ bá mọ ìṣirò owó. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ya ojú àwọn akọni 30 sínú ìwé mi. Ṣé kí n kó wọn ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbani wọlé? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ni níbẹ̀?
*Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Noforíjà*

Àbúrò, mú méjì tó dára jù níbẹ̀, kí o fi ìyókù pamọ́. Ojú akọni 30 tó kọjú síwájú kò lè fi han olùkọ́ pé o mọ ìtàn sọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé bí o bá to àwòrán 6 tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí lè ka ohun tó ṣẹlẹ̀, láìjẹ́ pé o dúró tì í ṣàlàyé.

Lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀, kí o dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta ẹja. Tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó mú pẹ́ńsùlù jáde. Pín bébà A4 sí àpótí 6. Nínú àkọ́kọ́, ya gbogbo ìsọ̀ náà, kí a mọ ibi tí a wà. Nínú ìkejì, oníbàárà nawọ́ sí ọ̀bọ̀kún kan. Ìka rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìkẹta, ó ń ṣí etí ẹja wò bóyá inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Ìkẹrin, ojú ìyá ẹlẹ́ja, tó ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ná an. Ìkarùn-ún, ọ̀bẹ wà lókè, ẹja wà lórí ìtì igi. Ìkẹfà, náílọ́ọ̀nù dúdú, omi ń kán nídìí rẹ̀, oníbàárà ti ń lọ.

Wò ó dáadáa: kò síbi tí o ti ya ọ̀bẹ tó ń gé ẹja. Ẹni tó ń kà á ló gé e, nínú àlàfo tó wà láàárín àpótí karùn-ún àti ìkẹfà. Àlàfo yẹn ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Scott McCloud fi ìwé kan ṣàlàyé rẹ̀ ní 1993, Understanding Comics, ó sì pín ọ̀nà tí a ń gbà kúrò nínú àpótí kan bọ́ sí òmíràn sí 6. Bí o bá ya gbogbo nǹkan tán, o ò fún òǹkàwé ní iṣẹ́ ṣe, á sú u. Bí o bá fo ohun tó pọ̀ jù, kò ní mọ̀ bóyá ẹja kan náà ló wà nínú náílọ́ọ̀nù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé oníbàárà wà lápá òsì nínú àpótí kejì, ó wá bọ́ sí apá ọ̀tún nínú ìkẹrin. Òǹkàwé á rò pé ẹlòmíràn ti dé. Jẹ́ kí kálukú dúró sí apá tirẹ̀ títí wọn yóò fi kúrò níbẹ̀. Apá òsì la sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni kó wà lósì. Bí kò bá ṣeé ṣe, gbé bàlúùnù ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìyẹn àyè róbótó tí a kọ ohun tó ń sọ sí, ga ju ti ẹnìkejì lọ. Ọ̀rọ̀ 25 ti kún bàlúùnù kan, pín in sí méjì bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí 4 sí 6 tó fún ojú ewé kan. Ohun ìyàlẹ́nu inú ìtàn, orí ojú ewé tí òǹkàwé máa ṣí bá ni kí o fi sí, ìyẹn èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2, 4 tàbí 6. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ á ti rí i kí ó tó kà á débẹ̀.

Ní ti ohun tí wàá fi ránṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ lókè òkun máa ń béèrè iṣẹ́ 10 sí 20. Bó bá jẹ́ àwa ni, ìtàn odindi 2, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú ewé 4, la máa fi ṣe òpó rẹ̀. Àwòrán èèyàn 4 tí o yà lára ẹni tó jókòó níwájú rẹ, kì í ṣe láti inú fọ́tò. Àwòrán ibì kan 3: ilé, èbúté, inú dáńfó. Wá fi akọni rẹ méjèèjì yẹn kún un.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni nílé níbí ni yíya ara èèyàn, bí nǹkan ṣe ń kéré bó ṣe ń jìnnà sí ojú, àwọ̀, ìtàn iṣẹ́ ọnà, kí wọ́n tó kan ère, aṣọ àti amọ̀. Kò sí èyí tó ṣòfò níbẹ̀. Bí a ṣe ń kọ eré ni wọn kì í sábà kọ́ ẹni tó wà ní ẹ̀ka àwòrán. Bó bá jẹ́ Unilag lo lọ, eré orí ìtàgé àti àwòrán wà lábẹ́ òrùlé Creative Arts kan náà, lọ jókòó tì wọ́n. Fi kọ́míìkì ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ nígbà tó o bá dé ọdún tó kẹ́yìn. Bí àwọn àgbà ilé yín bá sì ṣì ní Atọ́ka àtijọ́ nínú àpótí, ìwé eré tí wọ́n fi fọ́tò àwọn òṣèré ṣe, yá a lọ́wọ́ wọn. Wo ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí o sì wò ó bóyá ó bo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi àti àwọn ọmọ JSS ń ṣe ìtàn aláwòrán ní èdè Yorùbá. Bí a bá ti kó ọ̀rọ̀ sínú bàlúùnù, àmì ohùn á fò kúrò lórí lẹ́tà, ibòmíràn á di àpótí òfìfo. Ṣé kí a kúkú yọ àmì náà?
*Olùkọ́ Yorùbá, Ayétòrò, Ẹ̀pẹ́*

Ẹ jọ̀ọ́, Olùkọ́, ẹ má yọ ọ́. Nínú ìwé ìtàn lásán, gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká lè tọ́ òǹkàwé sọ́nà. Nínú bàlúùnù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló lè wà níbẹ̀. "Ọkọ mi dà?" "Ọkọ́ mi dà?" "Ọkọ̀ mi dà?" Ìyàwó ló ń sọ èkíní, àgbẹ̀ ló ń sọ èkejì, awakọ̀ ló ń sọ ẹ̀kẹta. Ẹ yọ àmì, gbogbo wọn á di ẹnì kan náà.

Ohun tó ń fà á ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún lẹ́tà ẹ. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ẹ̀, ńṣe ló máa ń mú ẹ, tí á sì gbé àmì lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí, yóò fò lọ. Bí kò bá tiẹ̀ fi ẹ sí i rárá, àpótí òfìfo lẹ máa rí. Kí ẹ tó lo fọ́ǹtì kankan, ẹ tẹ èyí wò: Ọ̀RẸ́ Ẹ̀GBỌ́N ṢỌLÁ Ń BỌ̀. Bí àmì kan bá yẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Andika, Gentium, Charis àti Noto Sans máa ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Andika la fẹ́ràn jù fún àwọn ọmọ yín, torí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

Lẹ́tà ńlá ni kọ́míìkì sábà máa ń lò. Àmì orí lẹ́tà ńlá á wá kọ lu àmì ìsàlẹ̀ tó wà ní ìlà òkè rẹ̀. Ẹ gbé àlàfo àárín ìlà kúrò ní 120% tó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí bíi 150%. Bí ẹ bá ń fọwọ́ kọ ọ́, ìlà 4 ni kí ẹ fi rúlà fà dípò 2: lẹ́tà gùn ní mílímítà 4, ẹ fi 2 sílẹ̀ lókè fún àmì ohùn, àti 1 àti ààbọ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà kí ẹ ya bàlúùnù yí i ká. Àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ ya bàlúùnù, wọ́n á wá máa fún ọ̀rọ̀ mọ́nú rẹ̀, àmì ohùn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ yọ kí àyè lè gba ọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé, PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ gbé lọ. Bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá ní Andika, yóò fi òmíràn dí i, gbogbo iṣẹ́ yín á sì tú.

Mi ò ní kọ̀ǹpútà, fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè fi parí ojú ewé 4? Kí ló sì dé tí tàdáwà ń tàn ká lórí bébà mi nígbà òjò?
*Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Pàpá, Ẹ̀pẹ́*

Wàá parí ẹ̀. ibisPaint àti MediBang ṣeé lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìwọ̀n tí a fi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣí ojú iṣẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́ẹ̀lì 1080 (píkísẹ́ẹ̀lì ni àwọn tótó kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), á dán lójú fóònù, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 300 dpi, ìyẹn tótó 300 nínú íǹṣì kan, sẹ̀ǹtímítà 9 péré ni, A4 sì jẹ́ 21. 2480 lọ́nà 3508 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí àwòrán ẹ̀yìn kọjá etí ibi tí wọn yóò gé ní mílímítà 3, má sì kọ ọ̀rọ̀ sí etí yẹn. Iye ojú ewé ìwé tí wọn yóò fi pín-ìn-nì gún láàárín gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 4.

Ti tàdáwà yẹn, ọ̀sà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, afẹ́fẹ́ tutù, bébà 80gsm tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì (gsm ni ìwọ̀n bí bébà ṣe wúwo tó) sì ti mu omi kí o tó gbé kálàmù lé e. Tàdáwà á wá tọ ojú ọ̀nà omi náà lọ. Ra èyí tó nípọn bíi 200gsm, fi náílọ́ọ̀nù dì í, kí o sì máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi kálàmù kan etí rẹ̀ wò kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá parí, gbé e lọ fún síkáànì: 600 dpi bó bá jẹ́ dúdú nìkan, 300 bó bá ní àwọ̀. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ibi tí wọ́n kọ Document sí ni kí o tẹ̀, má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ìlà tín-ín-rín ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.