Ẹ Wo Imú Béárì Kí Ẹ Tó Wo Ijó Rẹ̀

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Òṣogbo:

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan, ó sì fi àwòrán agé amọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n mọ agé náà bí béárì tó jókòó, tó di ajá kékeré kan mọ́ àyà. Orí rẹ̀ ṣeé ṣí kúrò, òun ni wọ́n sì ń fi ṣe ife. Ohun tó rú mi lójú ni ẹ̀wọ̀n amọ̀ tó wà lẹ́nu ẹranko náà. Ọmọ mi ní láyé àtijọ́ wọ́n máa ń mú béárì jó káàkiri ìlú. Ṣé lóòótọ́ ni ẹranko yìí mọ ijó jó, àbí ìtàn lásán ni?

Ìdáhùn:

Ìyá wa, ẹ ṣeun. Béárì kò sí nínú igbó tiwa. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, níbi tí abo béárì méjì ti fa ọmọ méjìlélógójì ya nítorí wòlíì Èlíṣà. Irú agé tí ọmọ yín rí ni àwọn amọ̀kòkò Nottingham àti agbègbè rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń mọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọtí ni wọ́n sì ń bù nínú rẹ̀. Ajá tó wà láyà béárì náà jẹ́ kí a mọ̀ pé eré mìíràn ni amọ̀kòkò ní lọ́kàn, eré tó burú ju ijó lọ: wọn á so béárì mọ́ òpó, wọn á sì tú ajá sí i, kí àwọn ènìyàn lè wo bí wọn yóò ṣe ya ara wọn jẹ. Ọgbà tí wọ́n kọ́ fún eré yìí wà létí odò Thames ní ìhà Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, ládùúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn ilé tíátà, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní pàápàá sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1583, ibi tí àwọn òǹwòran jókòó sí wó lulẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kan sì kú. Kíá ni àwọn oníwàásù sọ pé ìbínú Ọlọ́run ni. Síbẹ̀, ọdún 1835 ni òfin tó fi eré náà sí àìbófinmu tó jáde.

Ti béárì oníjó wá yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kí ó rọrùn láti fi ẹranko yìí tan ojú ènìyàn. Ajá àti ológbò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ ni béárì fi ń tẹ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa ènìyàn. Bí ó bá fẹ́ gbóòórùn ohun tó wà lókèèrè, tàbí tí koríko ga jù ú lọ, yóò dìde nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó bá rí i láti ọ̀nà jíjìn á ní ọkùnrin àgbà kan tó wọ ẹ̀wù onírun ló dúró síbẹ̀. Ìdìde yẹn ni Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Kò sí ijó níbẹ̀. Ènìyàn ló sọ ìdìde di ijó, ọ̀nà tó sì gbà ṣe é ni ó yẹ kí a wò.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń mú béárì kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àti pé lọ́pọ̀ ìgbà wọn á ti pa ìyá náà kí wọ́n tó lè rí ọmọ gbé. Wọn á fi irin gbígbóná lu imú tàbí ètè rẹ̀, wọn á sì ki okùn tàbí òrùka irin bọ ojú ihò náà. Ara ibẹ̀ kò lè gba ìrora rárá. Nítorí náà, bí ẹni tó mú okùn bá fà á sókè, imú ni béárì ń tẹ̀ lé tí ó fi dìde. Bí ó bá fà á sápá ọ̀tún, béárì á yí sápá ọ̀tún. Bí ó bá ń já okùn náà léraléra bí ìlù ṣe ń dún, ẹranko náà á máa gbé ẹsẹ̀ kan sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, àwọn òǹwòran á sì ní ó gbọ́ ìlù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn béárì náà ni wọ́n tún yọ eyín wọn tí wọ́n sì gé èékánná wọn.

Ní ìlú Smarhon, tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀lárúùsì lónìí, ìdílé ọlọ́lá Radziwiłł ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn béárì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa ibẹ̀ ni pé wọ́n ń kó béárì sínú àgò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bàbà, wọ́n á di nǹkan mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kí iná má baà jó o, wọ́n á dáná sábẹ́ bàbà náà, wọ́n á sì máa lu ìlù. Ẹsẹ̀ iwájú ni yóò kọ́kọ́ gbé sókè nítorí iná. Nígbà tó bá yá, ìlù nìkan ti tó. Kò sí iná mọ́, ṣùgbọ́n ara béárì kò gbàgbé. Àwòrán béárì ṣì wà nínú àmì ìlú náà títí di òní.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà rí gbogbo èyí, wọ́n sì yà á. Ní etí aṣọ ìtàn Bayeux, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ní ọ̀rúndún kọkànlá, béárì kan wà tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ọkùnrin kan sì dojú kọ ọ́ tòun ti idà àti asà. Ará Jámánì kan, Adam Olearius, tó lọ sí Rọ́ṣíà láàárín àwọn ọdún 1630, fi àwòrán àwọn alárìnjó ibẹ̀ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀: àwọn onígòjé, àwọn ọlọ́mọlangidi, àti ọkùnrin tó ń darí béárì. Ní 1648, Ọba Alexei ti Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí wọ́n fòpin sí iṣẹ́ àwọn alárìnjó wọ̀nyí pátápátá, kí wọ́n sì ba ohun èlò orin wọn jẹ́; ti ẹranko kọ́ ló ká a lára, bí kò ṣe pé ó ka eré wọn sí ìwà kèfèrí.

Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé bí ó bá tún rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, imú ẹranko náà ni kó kọ́kọ́ wò. Oníṣẹ́ ọnà lè ya ẹ̀rín sẹ́nu àwọn òǹwòran, ó lè fi fìlà dé béárì lórí, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti yọ okùn kúrò, nítorí pé láìsí okùn kò sí eré. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti mọ̀ pé okùn kò sí ni nǹkan ìṣeré onígi tí wọ́n ń gbẹ́ ní abúlé Bogorodskoye ní Rọ́ṣíà: ọkùnrin kan àti béárì kan dojú kọ ara wọn pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, bí ọmọdé bá sì ti fa igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọn á máa lu owú ní ìlù-kan-ìlù-kan bí alágbẹ̀dẹ méjì. Ó wù mí láti ní ọ̀kan.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Ìlọrin:

Ta ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ béárì jíjó yìí? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe é?

Ìdáhùn:

Àwọn tálákà ni, ọ̀gá mi, àti àwọn tí kò ní ilẹ̀ láti fi dáko. Ní Bulgéríà àti Ròmáníà, àwọn ará Roma ni, ẹ̀yà kan tó fọ́n káàkiri Yúróòpù (ẹ má ṣe pè wọ́n ní ará Róòmù o), ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ọrun fà bíi gòjé ni àwọn ti Bulgéríà sì ń ta fún béárì. Ní Faransé, àwọn ọkùnrin abúlé Ercé, lórí àwọn òkè Pyrenees, mú béárì wọn rìn dé Amẹ́ríkà. Ní Índíà, àwọn Kalandar ló jogún iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan mi ìlù kékeré kan tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti gángan, okùn imú béárì á wà lọ́wọ́ kejì. Béárì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń jẹ ikán: yóò fi èékánná gígùn ya òkìtì ikán, yóò fi imú mọ ibi tí wọ́n wà, yóò sì fa wọ́n mu bí ẹni ń fa ẹ̀kọ. Ohun tó fi ń wá oúnjẹ gan-an ni wọ́n lu ihò sí.

Láti 1972 ni òfin Índíà ti lòdì sí i, ṣùgbọ́n òfin kì í bọ́ ọmọ. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Wildlife SOS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ló wá fi ọgbọ́n sí i: ẹni tó bá fi béárì rẹ̀ sílẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní mú òmíràn mọ́, yóò gba owó láti fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá tàbí láti fi ṣí ìsọ̀, àwọn ìyàwó á kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, àwọn ọmọ á sì lọ sí ilé-ìwé. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2002 ni àwọn béárì àkọ́kọ́ dé ọgbà ìtọ́jú wọn ní ìlú Agra; nígbà tí wọ́n fi gba èyí tó kẹ́yìn ní Índíà ní 2009, iye gbogbo àwọn tí wọ́n gbà ti lé ní 600. Ní Bulgéríà, ọgbà irú rẹ̀ ṣí ní Belitsa ní ọdún 2000, àwọn béárì oníjó tó kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè náà sì dé ibẹ̀ ní 2007. Ní Nẹ̀pálì, ọdún 2017 ni wọ́n gba àwọn méjì tó kẹ́yìn. Lójú tèmi, owó kẹ̀kẹ́ yẹn ṣiṣẹ́ ju òfin ọdún 37 lọ.

Àwọn tó ń tọ́jú wọn ní Belitsa ròyìn ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Béárì tí okùn ti kúrò nímú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tó ní igbó, tó ní omi, bí ó bá rí ènìyàn tàbí tí ebi ń pa á, nígbà mìíràn yóò dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì sọ́tùn-ún sósì láìsí onílù níbẹ̀.

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé kan ní Ṣàgámù:

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn ará Òkè Ọya máa ń mú ìkookò àti ọ̀bọ wá sí àwọn ọjà wa. Ṣé ohun kan náà ni?

Ìdáhùn:

Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Tòsí yín níbẹ̀, ní Ògèrè Rẹ́mọ, ni ayàwòrán ará Gúúsù Áfíríkà náà, Pieter Hugo, ti ya díẹ̀ lára àwọn àwòrán wọn tó gbajúmọ̀ kárí ayé, láàárín 2005 sí 2007. Ọ̀bọ lè wọ ṣòkòtò kó sì ta okìtì, ṣùgbọ́n wọn kì í ní kí ìkookò jó. Ẹ wo àwòrán náà dáadáa: ìjánu wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀wọ̀n tó nípọn bí ọwọ́ ọmọ wà lọ́rùn, ẹni tó mú un sì dúró tì í láìbẹ̀rù. Àìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n fẹ́ kí ẹ rí. Oògùn ni wọ́n wá tà lọ́jà yín, ìkookò ló ń bá wọn polówó.