Kọ̀ǹpútà tí kì í tàn láàárọ̀ àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń wá tẹ projẹ́ẹ̀tì wọn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí mo ń lò, tòkunbọ̀ ni. Láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀, iná á tàn, fáànù á yí díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún kú. Ojú mónítọ̀ kì í tilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó tàn. Àmọ́ bó bá ti tàn, ó di alẹ́, kì í yọ mí lẹ́nu mọ́. Ó ti wá ń le sí i: lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ti fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ní kí n gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì gbé e lọ fún fọ́máàtì kẹta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni fọ́máàtì ń pa rẹ́ kí wọ́n tó tún un fi sí i. Inú hard disk, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, ni Windows ń gbé, kọ̀ǹpútà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àfi bí iná bá ti dúró, tí BIOS, ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà, ti rí RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti hàn lójú mónítọ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń kú kí mónítọ̀ tó mọ́lẹ̀ kò tíì mọ̀ pé Windows wà láyé. Ohun tí ẹ sọ yìí, pàápàá jù lọ ti "bó bá ti tàn, ó di alẹ́", ọ̀rọ̀ iná ni. Ó lè jẹ́ iná tó ń ti ara ògiri wá, ó sì lè jẹ́ power pack, àpótí onírin tí wáyà iná ń wọ̀ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Power pack ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan súkúrúdíráfà, lọ́jọ́ tó bá tún tàn, ẹ má pa á títí ẹ ó fi kó gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ sórí hard disk mìíràn tàbí flash tó tóbi. Power pack tó ń ṣàìsàn lè mú motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, àti hard disk dání lọ́jọ́ tó bá kú, projẹ́ẹ̀tì ọmọ ọlọ́mọ ló sì wà níbẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ àárọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Nínú power pack, àwọn kàpásítọ̀ kan wà tó rí bí agolo kéékèèké, tí nǹkan olómi wà nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí iná tó ń jáde dúró sójú kan, kó má máa gbọ̀n. Ooru ló ń gbẹ omi inú wọn. Ìṣirò tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni pé bí ooru ibi tí kàpásítọ̀ wà bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ sì ti sin ọ̀gá mìíràn fún ọdún mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, power pack á kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá fólítì 12, 5 àti 3.3 tó ń gbé jáde pé. Bí wọ́n bá pé, láàárín ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á fi àmì kan ránṣẹ́ gba ara wáyà aláwọ̀ eérú, àmì tí wọ́n ń pè ní Power Good, motherboard á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí iná bá ń gbọ̀n, àmì yẹn kò ní í lọ, tàbí kó lọ kó tún já, gbogbo rẹ̀ á kú. Kàpásítọ̀ tó ti gbẹ kì í lè ṣiṣẹ́ bó bá tutù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ ń mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, títí á fi gbà. Ó dà bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn: àfi bó bá rìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó nà. Lọ́jọ́ kan ṣá, kò ní í nà mọ́, ìgbà mẹ́wàá tí ẹ sọ yẹn sì fi hàn pé ọjọ́ náà kò jìnnà.

Síbẹ̀, ẹ má tíì náwó. Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fólítì 230 ló yẹ kí iná ilé wa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí oníná fi mítà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ní àkókò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe agídí gan-an, kì í ṣe lọ́sàn-án tí iná ti dára. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara power pack. Nígbà mìíràn, ẹ ní láti ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ tó rí i. Bí wọ́n bá kọ 100-240V, iná tó lọ sílẹ̀ sí 150 kò ní í dí i lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ 200-240V ni wọ́n kọ, iná 160 lè má gbé e dìde, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi kọ̀ǹpútà. Àwọn àtijọ́ kan ní súwíìsì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Orí 230 ni kó wà. Ẹni tó bá tì í sí 115 tó fi iná NẸ́PÀ sí i, "gbàà!" kan ló máa gbọ́, ó parí.

Ẹ yẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (printer) yín náà wò. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, extension kan ṣoṣo ló ń bọ́ kọ̀ǹpútà, printer àti ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì. Printer laser ní irin kan nínú tó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó lè lẹ ìyẹ̀fun tóńà mọ́ bébà, bí irin náà bá sì ń gbóná, ó lè fa 800 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá tan sọ́kẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ tí gbogbo wọn jí pọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á fa iná mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Bó bá wá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré, I-better-pass-my-neighbour tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ, ẹ má wulẹ̀ bínú sí kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé bí projẹ́ẹ̀tì bá pọ̀ nílẹ̀, tàbí bí Ojúde Ọba bá ku ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn regbẹ́rẹ́gbẹ́ ń sáré tẹ káàdì, kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ plọ́ọ̀gì printer. Ẹ ṣáà gbìyànjú ẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ta: ẹ fi kọ̀ǹpútà nìkan sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, láìsí UPS (àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ), láìsí extension, kó tàn tán kí ẹ tó tan printer. Bó bá tàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti rí ẹni tó ń bá yín jà. Ẹ má sì fi printer laser sára UPS láé. Ó máa ń pa á ni.

Bí kò bá yí padà, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kí iná tó kù nínú motherboard lè jáde. Ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé òun náà lè mú kọ̀ǹpútà máa kú kó máa jí, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹ ṣí ìdè tó di orí rẹ̀ mú, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ìrésà funfun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò ha eyín rẹ̀ tó ní àwọ̀ wúrà, lójú méjèèjì, kí ẹ gbọn èérún rẹ̀ dànù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ojú ihò rẹ̀, itọ́ ń bá a lọ. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìdè á fi dún "kẹ́". Bó bá jẹ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan dán an wò lọ́wọ́ kan, kí ẹ sì pààrọ̀ ihò wọn.

Bọ́tìnnì fúnra rẹ̀ náà máa ń há. Kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á sì pa ara rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé àkókò kan náà gẹ́lẹ́ ló máa ń kú, ẹ fura sí èyí. Kí oníṣẹ́ yọ wáyà tí wọ́n kọ PWR SW sí kúrò lára motherboard, kó fi ẹnu súkúrúdíráfà kan pín-ìn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan kó yọ ọ́. Bó bá tàn tí kò kú mọ́, bọ́tìnnì ni.

Ẹ ti ń ṣí i lọ́wọ́, ẹ wo ìdí fáànù orí CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Eruku ọyẹ́ àti eruku pupa ojú títì máa ń di bíi tìmùtìmù síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi búlówà fẹ́ ẹ, ẹ fi ìka mú fáànù kó má yí.

Ó wá ku power pack. Mítà oníná tó láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Bí wáyà iná bá ti wọlé, kódà kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, wáyà elésè-àlùkò nínú plọ́ọ̀gì ńlá olójú 24 gbọ́dọ̀ ní fólítì 4.75 sí 5.25. Bó bá tàn, wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4 sí 12.6, pupa láàárín 4.75 sí 5.25. Èyí tó bá jáde kúrò láàárín wọn, ẹjọ́ ti parí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pé, ẹ má tíì dá a láre: mítà lásán kì í rí gbígbọ̀n iná, gbígbọ̀n yẹn gan-an sì ni àìsàn kàpásítọ̀. Ìdánwò tó dájú jù ni kí oníṣẹ́ gbé power pack tó mọ̀ pé ó dára wá láàárọ̀, kí kọ̀ǹpútà tó gbóná, kó fi dán an wò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí àpótí power pack fúnra rẹ̀ o. Iná tó lé ní fólítì 300 lè wà nínú kàpásítọ̀ ńlá ibẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ plọ́ọ̀gì.

Bátìrì róbótó ara motherboard, CR2032, kì í sábà fa irú èyí, àmọ́ bí déètì kọ̀ǹpútà bá ń padà sẹ́yìn, tàbí tí mítà bá kà á sí ìsàlẹ̀ fólítì 2.7, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n.

Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà, tí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń hàn kó tó dúró, tàbí tí ẹ ń gbọ́ "kẹ́-kẹ́-kẹ́" nínú hard disk, ìgbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ Windows àti hard disk. Kò tíì débẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ra power pack, ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ. Àwọn HP àti Dell kan kì í lo plọ́ọ̀gì olójú 24; olójú 6 tàbí 8 ni tiwọn, ti ọjà kò sì ní í wọlé. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tí kò ní káàdì géèmù kì í sábà fa tó 150 wáàtì, nítorí náà 300 tó dára ti tó. Ẹ má jẹ́ kí 500 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ tàn yín: èyí tó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì, irọ́ ni wọ́n kọ sí i lára. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, tí ẹ sì bá a ní títàn lórí káńtà, ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn, ó ti gbóná. Ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n yọ iná rẹ̀, kí ẹ lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ yín fún bíi wákàtí kan, kí ẹ padà wá tẹ bọ́tìnnì náà fúnra yín.