Kí ló dé tí gìtá béèsì mi fi ń kùn látìgbà tí ọyẹ́ ti dé?

Bó bá jẹ́ láàárín fírẹ́ẹ̀tì (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá) kìíní sí ìkarùn-ún ló ti ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo, ọrùn gìtá ni kí ẹ fura sí. Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi. Ọrùn á tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, okùn á sì máa gbá irin.

Ẹ kọ́kọ́ tún ohùn okùn ṣe sí E, A, D, G. Ẹ tẹ okùn E mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kìíní àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà lókè ìkeje. Ó yẹ kó gba káàdì pélébé táwọn oníṣòwò fi ń pín nọ́ńbà fóònù, bíi 0.3 mm. Bí okùn bá lẹ̀ mọ́ irin, ẹ fi allen key (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń yí nọ́ọ̀tì) tó wọ̀ ọ́ dáadáa yí ọ̀pá irin inú ọrùn bí ẹni ń tú nọ́ọ̀tì, ìdámẹ́rin ìyípo péré, kí ẹ tún ohùn ṣe, kí ẹ tún wò ó. Bó bá le, ẹ má fipá yí i o! Mo ti ba orí ọ̀pá kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Tó bá jẹ́ lẹ́yìn fírẹ́ẹ̀tì kejìlá nìkan ló ti ń kùn, ẹ fi ọ̀pá yẹn sílẹ̀; irin kékeré tí okùn gbẹ́sẹ̀ lé nídìí gìtá ni kí ẹ gbé sókè díẹ̀.