Aràn kan ṣoṣo ni mo gbé sínú àwo, ta ló gùn ún?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Aràn C. elegans kan ṣoṣo tí ò tíì dàgbà tán ni mo gbé sínú àwo ní Mọ́ńdè, nígbà tó fi máa di Fúráìdè ọmọ ti kún ibẹ̀. Ọ̀gá mi ní lábù wá ní kí n wá akọ tá a máa fi ṣe kírọ́ọ̀sì (ìyẹn ni pé ká jẹ́ kí akọ gun òmíràn kó lè bímọ), mi ò rí ẹyọ kan. Ta ló wá gun ìyá wọn?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó gùn ún o, òun ló fún ara ẹ̀ lóyún. Takọtabo ni. Àtọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe, nígbà tó wà ní L4 tó kù díẹ̀ kó dàgbà, bíi 300 ẹyọ, á kó o pamọ́ sínú àpò kékeré méjì, lẹ́yìn náà ibi kan náà tó ń ṣe àtọ̀ yẹn á yí padà, ẹyin nìkan ni á máa ṣe, gbogbo ẹyin tó bá sì ń bọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú àpò kọjá, ibẹ̀ ló ti ń pàdé àtọ̀. Torí náà iye àtọ̀ ló ń sọ iye ọmọ. Tó bá ti tán, ẹ ṣì máa rí i tó ń yé, àmọ́ róbótó rọ̀gọ̀dọ̀ tí ò ní èèpo ni, kò ní pa láéláé.

Takọtabo méjì ò lè gun ara wọn, wọn ò ní nǹkan tí wọ́n máa fi gùn. (Ẹ má fi wé aràn inú ọmọdé o, Ascaris ní akọ lọ́tọ̀ abo lọ́tọ̀.)

Akọ wà, ó kàn ṣọ̀wọ́n ni. Takọtabo ní kírómósómù X (ohun tó ń sọ bóyá akọ ni tàbí takọtabo) méjì, akọ ní ẹyọ kan, ìgbà tí X kan bá ṣèèṣì sọnù la máa ń rí i, bíi ẹyọ kan nínú 500 sí 1000. Ẹ kó àwọn L4 bíi mẹ́wàá sí 30°C fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kẹ́ ẹ dá wọn padà sí 20°C, ooru yẹn máa ń jẹ́ kí X sọnù dáadáa, kẹ́ ẹ wá wo àwọn ọmọ wọn. Ìrù ni kẹ́ ẹ wò: ti akọ rí bí abẹ̀bẹ̀, ti takọtabo ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ẹ má wo títínrín o, èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gbogbo tíínrín ni mò ń pè ní akọ, àṣé ebi ló ń pa wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá rí akọ, ẹ kó bíi márùn-ún sọ́dọ̀ L4 kan tàbí méjì. Àtọ̀ akọ tóbi ju ti takọtabo lọ, ó máa ń ti àtọ̀ takọtabo sẹ́yìn nínú àpò. Tí nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ bá jẹ́ akọ, kírọ́ọ̀sì yín ti mú nìyẹn.