Ẹ Bi Wá: Ṣé pámpásì ni Bàbá á máa wọ̀ títí ayé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa, ẹni ọdún 66, Pàkátà ní Ìlọrin níbí ni wọ́n ń gbé, wọ́n ní jẹjẹrẹ próstéètì (ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin), dókítà ní kò tíì tàn kúrò níbẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Íńdíà ti bá wọn rí ọsibítù tó máa fi róbọ́ọ̀tì yọ ọ́. Àfi bí ọ̀rẹ́ wọn kan ní mọ́ṣáláṣí ṣe sọ fún wọn pé tí wọ́n bá yọ ọ́ tán, pámpásì ni wọ́n á máa wọ̀ kú, ni Bàbá bá ní àwọn ò lọ mọ́, pé báwo làwọn á ṣe máa kírun. Ṣé òótọ́ ni? (Àkọ́bí wọn)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ Bàbá ò parọ́ tán, kò sì sòótọ́ tán. Ìtọ̀ máa ń jò lóòótọ́ tí wọ́n bá yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ jáde kúrò, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbẹ kí ọdún kan tó pé. Ohun tó fà á ni pé ilẹ̀kùn méjì ló ń dá ìtọ̀ dúró lára ọkùnrin, ti òkè wà lẹ́nu àpò ìtọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ próstéètì débi pé wọ́n sábà máa ń bà á jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ ọ́, ti ìsàlẹ̀ nìkan ló máa kù, òun náà ni ká tètè kọ́ níṣẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ róbọ́ọ̀tì tàn yín jẹ o. Láti ọdún 2000 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí èyí tí wọ́n ń pè ní da Vinci, kò sí ìgbà kan tí irin yẹn dá ṣiṣẹ́, dókítà ló ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wo inú aláìsàn nínú ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ darí ẹ̀. Nítorí náà dókítà gan-an ni kẹ́ ẹ bi: mélòó lẹ ti fọwọ́ yín ṣe? Ṣé ẹ máa lè dá àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ próstéètì sí? Nínú àwọn tẹ́ ẹ ṣe fún, mélòó ló gbẹ lóṣù mẹ́ta, mélòó ló gbẹ lọ́dún kan, kí lẹ sì ń pè ní gbígbẹ? Ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn èyí tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa, torí dókítà míì wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń lo páàdì kan lójúmọ́ náà, ó ti kà á mọ́ ẹni tó gbẹ. Ọ̀nà kan tún wà tí dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Bocciardi, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé jáde ní Milan, Ítálì, lọ́dún 2010, ẹ̀yìn àpò ìtọ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé kí wọ́n má baà tú ohun tó wà níwájú, ìtọ̀ sì máa ń tètè dúró fún àwọn tí wọ́n bá ṣe é fún báyẹn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ló bá a mu, ẹ ṣáà bi wọ́n.

Iṣẹ́ Bàbá fúnra wọn wá kù, òní ni kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wọ bàálù. Kí wọ́n fa iṣan ìsàlẹ̀ wọlé bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó dúró láàárín àwọn àna, kí nǹkan ọmọkùnrin wọn sì sún wọlé díẹ̀. Ikùn ò gbọdọ̀ le, ìdí ò gbọdọ̀ dì pọ̀, kí wọ́n máa mí lọ. Kí wọ́n kà dé márùn-ún, kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó sinmi bákan náà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tí rọ́bà bá wà lára wọn kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná, tí wọ́n bá yọ ọ́ kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fà á kí wọ́n tó wúkọ́, kí wọ́n tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, kí wọ́n tó dìde nínú Máàrúwá, torí ibi tó ti ń jò gan-an nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí fisió (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan) tó mọ̀ nípa ẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n ń fa iṣan tó yẹ, ọ̀pọ̀ ń fún ìdí lásán ni.

Tí ọdún kan bá kọjá tó ṣì ń jò púpọ̀, ọ̀nà ṣì wà: wọ́n lè fi okùn gbé ojú ọ̀nà ìtọ̀ sókè, tàbí kí wọ́n fi òrùka kan tó ń dì í pa sínú ara, tí ẹni náà bá fẹ́ tọ̀, á tẹ ohun kékeré kan tí wọ́n fi sínú àpò ẹpọ̀n.

Ní ti ìrun, kí Bàbá bi Alfa wọn dípò ọ̀rẹ́ wọn. Ẹni tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀ nínú ìwé fíkìhí (ìwé òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù), ó ń kírun rẹ̀ kò sì sẹ́ni tó lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi ti ṣe tiwọn, oṣù kẹrin rèé. Wọn ò mu omi mọ́ kí ìtọ̀ má baà jò, obì ni wọ́n ń jẹ ṣáá. (Ìyá Ìbejì, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, òdì ni wọ́n ń ṣe jàre. Káféènì inú obì, bíi ti kọfí, ló ń lé wọn lọ sílé ìtọ̀, tí omi bá sì kéré ìtọ̀ á ki, á máa ta àpò ìtọ̀ lára, ìgbẹ́ á tún le, fífi agbára yàgbẹ́ á sì tún máa mú kí ìtọ̀ jò. Kí wọ́n máa mu omi dáadáa ní ọ̀sán, kí wọ́n dín in kù lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ẹ gba obì lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde rárá, tàbí tí ibà bá dé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde, ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù lóru yẹn náà.