Kì í ṣe orí fọ́tò ni íǹkì yín ń parí sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ ra púríńtà oní-kátíríìjì tó ń tẹ fọ́tò A3+, ẹ gbé e sílé kí ẹ lè máa fúnra yín tẹ fọ́tò ayẹyẹ fún àwọn oníbàárà, ṣùgbọ́n owó íǹkì ti fẹ́ jẹ èrè tán. Ẹnì kan wá ní òun ní íǹkì lítà kan tó pọ́ọ́kú, kí ẹ máa fi síríǹjì fà á sínú kátíríìjì. Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ rà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì rà á. Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí èyí tí ẹ ti rà ń gbà lọ.

Òṣogbo ni mo ń gbé. Láti 2014 ni mo ti ń tẹ fọ́tò nínú yàrá kan nílé: ìgbéyàwó, ìkómọ, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí àwọn ìyá wa. Oní-kátíríìjì bíi tiyín ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ojú mi sì rí tó. Nígbà tó yá mo bọ́ sórí oní-táǹkì, irú èyí tí a ń da íǹkì inú ìgò sí, Epson L1800, mo rò pé ìyọnu ti tán. Síbẹ̀ íǹkì ń lọ. Mo wá lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì kọ̀ọ̀kan, mo ń fi bírò fa ìlà síbi tí íǹkì dé ní gbogbo alẹ́ Sátidé, mo sì ń kọ iye fọ́tò tí mo tẹ̀ lọ́sẹ̀ náà sínú ìwé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí a kò tẹ̀ ju A4 mẹ́ta lọ nítorí pé iṣẹ́ gbé mi lọ sí Èkó. Íǹkì tó lọ lọ́sẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọ̀sẹ̀ tí a tẹ ogójì. Mo wo ìwé yẹn títí. Mo wá bi ọmọ iṣẹ́ mi léèrè, ó ní iná ń lọ, ó ń bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, òun sì ń tan púríńtà ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé, kó má bàa "kú".

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Hẹ́ẹ̀dì púríńtà ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni íǹkì ń gbà já sórí bébà. Tí ẹ bá fi bọ́tìnì ara púríńtà pa á, hẹ́ẹ̀dì á kọ́kọ́ padà sí igun ilé rẹ̀, á jókòó sórí rọ́bà kan tó dé e lẹ́nu pinpin, atẹ́gùn kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pa á níbi sókẹ́ẹ̀tì, tàbí tí Nẹ́pà mú iná lọ nígbà tó ń tẹ fọ́tò lọ́wọ́, ibi tí hẹ́ẹ̀dì wà nígbà tí iná lọ ló máa dúró sí, ẹnu rẹ̀ á wà ní gbangba. Íǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mọ́ ọn. Tí iná bá padà dé, tí ẹ sì tan púríńtà, á fẹ́ fọ ẹnu ara rẹ̀: á fa íǹkì láti inú gbogbo àwọ̀, á dà á sínú fóòmù tó wà ní ìdí rẹ̀. Íǹkì tí ẹ fowó yín rà ni. Kò kan fọ́tò kankan.

Nítorí náà, owó tí ẹ fẹ́ fi ra íǹkì lítà kan yẹn, ẹ fi ra UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ. Èyí tó kéré ti tó, 650VA, nítorí púríńtà oní-íǹkì kì í jẹ iná ju gílóòbù lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rò pé kọ̀ǹpútà ni UPS wà fún. Kọ̀ǹpútà mi ní bátìrì nínú, púríńtà ni kò ní. Tí iná bá lọ, ẹ jẹ́ kó parí ojú ewé tó wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ á fi kú pátápátá, lẹ́yìn náà ni ẹ tó lọ tan jẹnẹrétọ̀. Tí ẹ bá ní ínfátà, ẹ so ó mọ́ ọn, ó parí. Èmi kọ ọ́ sára ògiri lókè púríńtà fún gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá náà pé bọ́tìnì ni kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe sókẹ́ẹ̀tì. Mo sì jáwọ́ nínú kí n máa tàn án ní ìdájí kí n máa retí iṣẹ́. Mo ń kó iṣẹ́ jọ, mo ń tàn án lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, mo ń tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láàárín oṣù kan, ìlà ara táǹkì ti sọ fún mi pé mo ṣe ohun tó tọ́.

Lẹ́yìn iná, ọyẹ́ ni. Ní oṣù kejìlá ọdún kan mo lọ ṣọdún nílé àwọn àna mi, mo fi púríńtà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fèrèsé yàrá wà ní ṣíṣí. Nígbà tí mo dé, magenta (íǹkì pupa) kò jáde mọ́, cyan fífẹ́rẹ́ (íǹkì tó jọ búlúù) ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo tẹ head cleaning, àṣẹ tó ń mú kí púríńtà fọ hẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò ṣe. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo tẹ̀ ẹ́ léraléra lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọ̀ tó ń jáde dáadáa tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já nítorí pé atẹ́gùn ti wọnú ọ̀nà íǹkì. Íǹkì tó bá ibẹ̀ lọ kò ṣe é fẹnu sọ, mo sì tún pààrọ̀ hẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó púríńtà tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, nozzle check (ojú ewé àyẹ̀wò tó ń fi ìlà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn) ni kí ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, ẹ má tẹ cleaning láìwo èyí. Íǹkì tí nozzle check ń lò kò tó nǹkan. Tí gbogbo ìlà rẹ̀ bá pé, ẹ má fọ nǹkan kan, bó ti wù kí àwọ̀ fọ́tò burú tó. Ibòmíràn ni àìsàn wà. Tí ìlà kan bá já, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí kò bá ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ẹ pa á, ẹ lọ sùn. Íǹkì tútù tó ti dé ẹnu ihò yẹn á máa rọ èyí tó ti gbẹ mọ́jú. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo jí láàárọ̀ tí gbogbo ìlà ti pé. Tí kò bá tún ṣe, mo máa ń ká tíṣù, mo máa ń rẹ ẹ́ sínú omi tí wọ́n ń dà sínú bátìrì mọ́tò, mo máa ń fà á sábẹ́ hẹ́ẹ̀dì, màá fi í síbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: omi lásán tí wọ́n sè, tí wọ́n gba ooru rẹ̀ kó tún di omi (distilled water), ni mò ń sọ, kì í ṣe ásíìdì, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń tà lójú kan náà. Ẹ má fi spirit tàbí pẹtiróòlù kan hẹ́ẹ̀dì láé. Lásìkò ọyẹ́, mo ń ti fèrèsé, mo ń fi aṣọ bo púríńtà, mo ń gbé ike omi sí yàrá, mo sì ń tẹ fọ́tò kékeré kan tí gbogbo àwọ̀ wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, bí iṣẹ́ wà, bí kò sí. Íǹkì kékeré yẹn ló ń gba ńlá là.

Fọ́tò tí ẹ tún tẹ̀ nítorí pé èkíní kò dára ńkọ́? Ìlọ́po méjì íǹkì àti bébà nìyẹn, oníbàárà kan ṣoṣo ló sì máa san owó rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó mọ́lẹ̀ jù ló sábà ń fà á. Fọ́tò á dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, á ṣókùnkùn lórí bébà, a ó wá máa bú íǹkì. Tí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ di bébà fọ́tò funfun mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ojúmọmọ, ẹ ṣí ojú ewé funfun kan síbẹ̀, ẹ máa dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí funfun méjèèjì á fi jọra. Tèmi wá sílẹ̀ tó ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Bébà A3+ jẹ́ 13 nípa 19 íǹṣì. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó ju fọ́tò 4×6 mẹ́wàá lọ. Kí n tó tẹ ńlá, mo máa ń gé ojú ẹni tó ni fọ́tò àti etí aṣọ rẹ̀, mo máa ń tẹ ibẹ̀ nìkan sórí 4×6. Ibi tí awọ ara dúdú ti pàdé léèsì funfun ni mo máa ń yàn, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń hàn kíákíá: tí awọ bá dúdú jù, ojú á pòórá, tí a bá sì tan ìmọ́lẹ̀ sí i jù, iṣẹ́ ọnà ara léèsì á parẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ṣì máa yí díẹ̀.

Ẹ yan irú bébà tó wà lórí púríńtà gan-an nínú kọ̀ǹpútà, torí ohun tí ẹ bá yàn níbẹ̀ ló ń pinnu bí íǹkì tó máa dà sílẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Borderless, ìyẹn títẹ fọ́tò láìsí àlà funfun, náà ń fi íǹkì ṣòfò: ó ń tẹ̀ kọjá etí bébà kí funfun má bàa ṣẹ́kù, èyí tó kọjá etí á sì lọ sínú fóòmù. Mo ń fi àlà funfun sílẹ̀, mo ń fi bíléèdì gé e.

Ó wá ku íǹkì lítà kan yẹn. Mo ti ra irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra fún mi pé kò sí ìyàtọ̀. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, lóòótọ́, ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo fi tẹ fọ́tò àádọ́rin ọdún ìyá kan, ìyá wọ aṣọ òkè àlàárì, iyùn pọ́n dẹ̀ẹ̀ lọ́rùn wọn, àwọn ọmọ gbé e kọ́ sí pálọ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Kò tó ọdún kan tí ọmọ wọn obìnrin gbé férémù náà padà wá bá mi. Pupa ti lọ. Àlàárì ti di àwọ̀ eérú, ojú ìyá ti ń ṣe bíi àwọ̀ ewé. Ìyá náà sì ti dolóògbé láàárín àkókò yẹn. Ọmọ yẹn kò pariwo mọ́ mi, ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò tí a fi ń rántí wọn rèé." Mo tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì lọ ká àwọn tí mo ti fi íǹkì yẹn tẹ fọ́tò fún, mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Mi ò tíì ra íǹkì tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò sọ pé gbogbo íǹkì tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó ṣe púríńtà ni kò dára. Àwọn kan wà tó dára. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó fi ta ọjà: ẹ tẹ fọ́tò kan, ẹ fi páálí bo ìdajì rẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ẹ fi í síbẹ̀ fún oṣù méjì, kí ẹ wá ṣí páálí náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé íǹkì tó yàtọ̀ ń fẹ́ ICC profile tirẹ̀ (fáìlì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí íǹkì ṣe ń gbé àwọ̀ jáde) fún bébà kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, ẹ ó kàn máa tẹ̀, ẹ ó máa tún un tẹ̀ ni.

Ibi tí òòlù ti ń bà yín gan-an ni ìwọ̀n kátíríìjì. Kátíríìjì púríńtà Canon PRO-100 gba 13 ml, ti PRO-300 gba 14.4 ml. Ìgò íǹkì kọ̀ọ̀kan ti L1800 jẹ́ 70 ml, àwọ̀ mẹ́fà ló sì ń lò. Àwọn púríńtà oní-kátíríìjì ńláńlá náà wà, bíi Canon PRO-1000 tó ń lo 80 ml, tàbí Epson P900 tó ń lo 50 ml. Íǹkì pigment (tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀tù tíntìntín) ni wọ́n ń lò, fọ́tò wọn sì ń pẹ́ gan-an, àmọ́ àwọ̀ tó wà nínú wọn pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá jọ tán pọ̀, orí á fọ́ yín. Fún ẹni tó ń tẹ fọ́tò ayẹyẹ nílé, oní-táǹkì tó ní àwọ̀ mẹ́fà ni mo fara mọ́: L1800 tí ẹ bá rí tòkunbọ̀ tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì pé, tàbí Epson L18050, oní-táǹkì bíi tirẹ̀, tí ọwọ́ bá ká a. Ẹ máa lo eléyìí tó wà nílé títí di ìgbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u láti fi ọ̀pá íǹkì so ó mọ́ táǹkì ìta. Mo ṣe é fún ọdún kan. Tí táǹkì ìta bá ga ju púríńtà lọ, íǹkì á máa kán sórí bébà. Tó bá sì wà nísàlẹ̀ jù, hẹ́ẹ̀dì á máa mu atẹ́gùn.

Ẹ tún mọ̀ pé fóòmù tí mò ń dárúkọ yẹn máa kún lọ́jọ́ kan, púríńtà á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Wọ́n á ní àwọn lè fi kọ̀ǹpútà dá òǹkà rẹ̀ padà sí òdo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òǹkà nìkan ló padà, fóòmù ṣì kún. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí íǹkì má bàa ṣàn sórí tábìlì yín.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó pa púríńtà, ẹ tẹ nozzle check kan sórí bébà lásán. Tí ìlà kan bá já nínú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi han mi kí ẹ tó tẹ cleaning kankan.