Ó Ka Ọ̀rọ̀ Mi, Kò Dáhùn

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Gààrí ni mò ń tà ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Oníbàárà mi kan ní Abẹ́òkúta gba àpò mẹ́rin láwìn lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, 100,000 sẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí i lórí WhatsApp. Ó kà á, kò dáhùn. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn rèé: "Ẹ káàárọ̀ bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọ̀rọ̀ wa yẹn o. Nǹkan le fún mi, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí. Olúwa á ṣe é fún yín." Kí ni mo ṣe tí kò dáa?
Oní-gààrí, Kétu

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ìkíni rẹ dára, má yọ ọ́ kúrò. Àgbà tí a kò kí kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó kù. "Ọ̀rọ̀ wa yẹn" ló bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ wo? Bàbá yìí lè máa gba ọjà lọ́wọ́ ẹni mẹ́wàá. Ó ṣí fóònù nínú ariwo Lafẹ́nwá, ó rí àdúrà, ó rí ẹkún, kò rí iye, kò rí ọjọ́, kò rí ohun tí o fẹ́ kí òun ṣe. Ó ní òun á padà sí i tó bá yá.

Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ kú òwò. Èmi oní-gààrí Kétu ni. Owó àpò mẹ́rin tí ẹ gbà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ṣì kù: 100,000 sẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi san án kí ọjọ́ 20 oṣù yìí tó kọjá. Bí kò bá ní ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ iye tó máa wá fún mi, àti ọjọ́ tó máa wá."

Má kọ 100,000 lásán. Náírà ni ará Abẹ́òkúta máa rò, iye tí wọ́n sì ń ṣẹ́ owó méjèèjì kì í dúró lójú kan. Fi nọ́ńbà rẹ sí ìsàlẹ̀, èyí tó ní 01 níwájú. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-mẹ́wàá, síbẹ̀ mo ṣì ń rí oní-mẹ́jọ lára àpò ọjà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ká mi lára, torí ó ti ná mi lówó rí. Mo kọ̀wé sí awakọ̀ kan pé kó wá kó tòmátì mi ní ọrún òní, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka ọjọ́ ọjà ni mo ṣe kà á: òní alára ni ọjọ́ kìíní. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Nígbà tó fi máa dé, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìndínlógún ti ń ro omi. Mi ò lè bá a jà, èmi ni mo kọ ọ́. Látìgbà náà, nọ́ńbà ọjọ́ àti orúkọ oṣù ni mò ń kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òṣùwọ̀n: tòǹgólò wa kọ́ ni kóńgò wọn, kìlò ni kí o kọ.

Má fi ohùn ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó. Kò sí bí ó ṣe máa wá iye náà nínú ohùn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́la.

Kí o tó fi ránṣẹ́, jẹ́ kí ó sun mọ́jú, pàápàá bí inú bá ń bí ọ. Láàárọ̀, kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀ nípa gbèsè náà, kí o bi í pé: kí ni mo ní kí bàbá yìí ṣe, nígbà wo? Ọmọ ọmọ mi ni mo máa ń kà tèmi fún. Bí kò bá lè sọ ọ́, mo máa tún un kọ.

Lọ́jọ́ tó bá san án, má dákẹ́. Kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti gba 100,000 sẹ́fà lónìí. Owó àpò mẹ́rin oṣù kẹta ti pé, kò ku nǹkan kan."